Èèpo Tàbí Ògiri? Bí Wọ́n Ṣe Ń Tún Ìran Álígà Àìfojúrí Ṣe fún Iṣẹ́ Ilé-Ẹ̀rọ

1. Ìfáárà

Ní àgbègbè Kánẹ́ẹ̀mù, ní àríwá ìlà-oòrùn Adágún Chad, adágún kékeré kan wà tí ń jẹ́ Kossorom. Àwọn obìnrin ibẹ̀ a máa gbọ́n omi aláwọ̀ ewé inú rẹ̀, wọn a dà á sí ojú iyanrìn, omi a fà lọ, ohun tí ó ki, tí ó sì ní àwọ̀ ewé, a wá ṣẹ́kù sílẹ̀. Nígbà tí ó bá gbẹ nínú oòrùn, wọn a gbé e lọ sí ọjà. Dihé ni wọ́n ń pè é, ọbẹ̀ ni wọ́n sì ń fi í sè. Ohun abẹ̀mí tíntìntín kan ni ó kún inú rẹ̀, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Spirulina tàbí Arthrospira. Ara ènìyàn a máa rí oúnjẹ inú rẹ̀ gbà láìsí wàhálà, nítorí pé ohun tí ó bo sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kò le, kò sì ní sẹ́lúlóòsì nínú.

Ní ilẹ̀ Japan, níbi tí wọ́n ti ń gbin Chlorella fún títà láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Chlorella náà kún fún pùròtéènì, ṣùgbọ́n ohun tí ó bo sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ nípọn, ó sì le tó bẹ́ẹ̀ tí inú ènìyàn kò fi lè dà á dáadáa. Nítorí náà ni àwọn tí ń ṣe é fún títà fi máa ń kọ ọ́ sí ara páálí rẹ̀ pé àwọn ti fọ́ ìbòra sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kí àwọn tó gbé e wá sí ọjà. Oúnjẹ wà nínú èkínní, oúnjẹ wà nínú èkejì. Ìbòra ni ó fi ìyàtọ̀ sí wọn.

Lórí ìbòra yìí ni iṣẹ́ ńlá kan ti ń lọ ní àwọn ilé ìwádìí àgbáyé. Ohun tí àwọn olùwádìí ń wá ni bí wọn yóò ṣe tún ìran àwọn ohun abẹ̀mí wọ̀nyí ṣe, kí ohun inú wọn lè jáde pẹ̀lú owó díẹ̀. Fún olùkọ́ àti olùtumọ̀ tí ó fẹ́ gbé ìmọ̀ yìí kalẹ̀ ní èdè Yorùbá, ìbéèrè kan wà tí ó ṣíwájú gbogbo ìbéèrè yòókù: kí ni orúkọ ìbòra náà? Ọ̀pọ̀ ni yóò dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé ògiri ni. Ìdáhùn yìí yẹ ní yíyẹ̀wò, nítorí pé bí orúkọ náà bá ṣìnà, iṣẹ́ tí àwọn olùwádìí ń ṣe kò ní yé akẹ́kọ̀ọ́.

2. Álígà Àìfojúrí

Ẹni tí ó bá ti fi ẹsẹ̀ tẹ òkúta inú odò tí ó yọ̀, tàbí tí ó ti gbé ìkòkò omi sínú oòrùn títí tí omi inú rẹ̀ fi di aláwọ̀ ewé, ti rí álígà rí. Kò yẹ kí wọ́n pè é ní ewé omi, nítorí pé kò ní ewé, kò ní igi, kò sì ní gbòǹgbò bí ti ojúoró àti òṣíbàtà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo tí ń dá jẹ, tí ń dá mu, tí ó sì ń bí irú ara rẹ̀ nípa pínpín. Bí èyí tí ó tóbi díẹ̀ nínú wọn ti mọ ni pé bí wọ́n bá to 100 nínú wọn sí orí ìlà kan, gígùn ìlà náà kò ní ju mìlímítà 1 lọ. Ìdí nìyí tí álígà àìfojúrí fi bá wọn mu ní orúkọ, gẹ́gẹ́ bí àwọn Yorùbá ti ń sọ̀rọ̀ nípa kòkòrò àìfojúrí. Spirulina fúnra rẹ̀, bí ọ̀rọ̀ bá di ti ìpínsísọ̀rí, bakitéríà ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń fi òun àti álígà ṣe.

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní à báà gún iyán nínú ewé, kí á se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó yóò yó. Álígà jẹ́rìí sí òwe yìí. Láti inú ohun tí ojú kò rí ni wọ́n ti ń rí òróró tí ó ṣe é sọ di epo ọkọ̀, oúnjẹ ẹja, àwọ̀ tí ń mú ẹran ẹja salmon pọ́n, àti èròjà tí ara ń sọ di fítámì A. Láti 1978 títí di 1996 ni ìjọba Amẹ́ríkà fi náwó sí ètò kan tí wọ́n pè ní Aquatic Species Program, tí àfojúsùn rẹ̀ pàtàkì jẹ́ láti fi òróró álígà ṣe epo. Wọ́n rí i pé ó ṣe é ṣe. Ohun tí kò jẹ́ kí ó kẹ́sẹ járí ni pé iye tí ó ń náni pọ̀ ju iye epo rọ̀bì lọ. Lára ohun tí ń gbé owó náà ga ni kíkó álígà jọ kúrò nínú omi púpọ̀ àti yíyọ ohun inú rẹ̀ jáde. Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ìbòra sẹ́ẹ̀lì ti wọlé.

3. Ògiri, Awọ, Ìkarahun àti Èèpo

Ní ọdún 1665 ni Robert Hooke, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwé rẹ̀ Micrographia jáde. Nínú rẹ̀ ni ó ti ṣàlàyé ohun tí ó rí nígbà tí ó gé kọ́ọ̀kì pẹlẹbẹ sábẹ́ ẹ̀rọ amúǹkan-tóbi. Ó rí ihò kéékèèké tí ó tò ti ara wọn, ó sì fún wọn ní orúkọ tí ó túmọ̀ sí yàrá kékeré. Láti inú àfiwé yàrá yìí ni ọ̀rọ̀ ògiri ti jáde, nítorí pé yàrá kò lè wà láìní ògiri. Ohun tí ó yẹ kí olùtumọ̀ rántí ni pé sẹ́ẹ̀lì tí Hooke rí ti kú. Ohun tí ó wà láàyè nínú wọn ti gbẹ lọ, ìbòra nìkan ni ó ṣẹ́kù. Ilé tí onílé ti fi sílẹ̀ ni ó rí, òun ni ó fi sọ ọ́ ní yàrá. Èyí tí ó tún yani lẹ́nu ni pé èèpo igi ni kọ́ọ̀kì tí ó gé náà.

Ní èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀-orúkọ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀rọ̀-ìṣe tí í máa bá a rìn. Wọn a mọ ògiri, wọn a rẹ́ ẹ, ògiri a sì wó. Ẹlòmíràn ni í mọ ọ́n. Ògiri kò mọ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n èèpo a máa hù, a máa ṣí, wọn a sì máa bó o. Ohun tí ó wà nínú èèpo ni ó ń hu èèpo náà fúnra rẹ̀. Bí oníṣègùn bá bó èèpo ara igi fún àgbo, tí kò sì bó o yí igi ká, igi yóò tún hu òmíràn bo ojú ibẹ̀; bí ó bá bó o yí igi ká, igi náà yóò kú. Gbogbo ohun tí àpilẹ̀kọ yìí yóò sọ nípa álígà ni ó wà nínú àpẹẹrẹ igi yìí: ìbòra tí ohun abẹ̀mí dá fún ara rẹ̀, tí ó lè dá padà, tí ó sì fi ń dáàbò bo ẹ̀mí rẹ̀.

Awọ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí wọ́n jù nù. Lábẹ́ èèpo, sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ní ohun fẹ́lẹ́ kan tí ó yí i ká, tí kò sí sẹ́ẹ̀lì tí ó lè wà láàyè láìní in. Òun ni ó yẹ kí ó máa jẹ́ awọ sẹ́ẹ̀lì. Ìkarahun ní tirẹ̀ yẹ fún dáyátọ̀mù, irú álígà kan tí ń fi sílíkà, èròjà tí ó wà nínú iyanrìn, kọ́ ìbòra fún ara rẹ̀. Báyìí ni ọ̀rọ̀ mẹ́ta yóò ní ipò mẹ́ta: awọ fún ti inú, èèpo fún ti òde, ìkarahun fún èyí tí ó jẹ́ ti sílíkà.

Àtakò kan lè wáyé, pé èèpo jẹ́ ohun tí ènìyàn ń bó sọnù sí ààtàn, bí èèpo iṣu, àti pé akẹ́kọ̀ọ́ lè rò pé kò wúlò. Àtakò yìí kò wúwo púpọ̀. Ẹni tí ń jẹ iṣu ni èèpo kò wúlò fún; iṣu fúnra rẹ̀ kò lè dúró nínú ilẹ̀ láìní in. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ohun tí álígà ń fẹ́ àti ohun tí oníṣòwò ń fẹ́ gan-an nìyí, ọ̀rọ̀ náà sì gbé méjèèjì.

4. Oríṣiríṣi Èèpo

Èèpo àwọn álígà kò rí bákan náà, èyí tí ó bá wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó sì ń pinnu irú iṣẹ́ tí yóò bá oníṣòwò.

Chlorella, tí Beijerinck ará Holland fún ní orúkọ ní 1890, jẹ́ sẹ́ẹ̀lì róbótó. Nínú èèpo Chlorella vulgaris ni glucosamine wà, èròjà tí ó bá èyí tí ó wà nínú èèpo edé àti akàn tan. Kíkan-án-pá ni wọ́n máa ń fọ́ ọ: wọn a dà á sínú àgbá ẹ̀rọ tí ìlẹ̀kẹ̀ kéékèèké kún inú rẹ̀, ẹ̀rọ a máa yí, ìlẹ̀kẹ̀ a máa lọ sẹ́ẹ̀lì mọ́ ara wọn. Ẹ̀rọ yìí a máa jẹ iná mànàmáná púpọ̀, a sì máa gbóná, tí ó fi jẹ́ pé wọ́n tún ní láti máa mú un tutù.

Haematococcus pluvialis ní ìṣe méjì. Nígbà tí ara bá rọ̀ ọ́, aláwọ̀ ewé ni, ó ní ìrù méjì tí ó fi ń lúwẹ̀ẹ́, èèpo rẹ̀ kò sì le. Ṣùgbọ́n bí oúnjẹ bá wọ́n, tí oòrùn sì mú jù, a ká ìrù rẹ̀ kò, a pọ́n bí osùn, a sì hu èèpo nínípọn kan tí ohun tí wọ́n ń pè ní algaenan wà nínú rẹ̀. Ásíìdì gan-an kì í tètè ran algaenan. Àwọ̀ pupa náà, astaxanthin, ni oníṣòwò ń wá, ó sì lè tó ìwọ̀n 1 sí 5 nínú 100 ìwúwo álígà gbígbẹ. Ìyọnu ibẹ̀ ni pé ìgbà tí dúkìá pọ̀ jù nínú ilé gan-an ni ilẹ̀kùn le jù. Ohun kan náà tí ó mú kí sẹ́ẹ̀lì kó àwọ̀ pupa jọ ni ó mú kí ó hu èèpo líle.

Nannochloropsis kéré ju gbogbo wọn lọ, ó sì lọ́ràá. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2014 lórí Nannochloropsis gaditana fi hàn pé ìpele méjì ni èèpo rẹ̀: sẹ́lúlóòsì ni ti inú, algaenan ni ó sì bò ó lóde. Sẹ́lúlóòsì yìí tó ìwọ̀n 75 nínú 100 èèpo náà. Ẹ́ńsáìmù tí ó lè jẹ sẹ́lúlóòsì wà, ṣùgbọ́n algaenan kì í jẹ́ kí ó ráàyè dé ibẹ̀.

Ní òdìkejì ni Dunaliella salina wà, tí kò ní èèpo rárá. Awọ sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ nìkan ni ó ní, pẹ̀lú ohun yíyọ̀ kan tí ó bò ó. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Dunal, ni ó kọ́kọ́ kíyè sí i ní 1838 nínú adágún tí wọ́n ti ń ṣe iyọ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Teodoresco fi sọ álígà náà ní 1905. Wọ́n ń gbìn ín ní Hutt Lagoon ní ìwọ̀-oòrùn Australia nítorí beta-carotene, èròjà pupa rẹ́súrẹ́sú tí ara ń sọ di fítámì A. Nínú omi tí iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ gidigidi ni ó ń gbé, ó sì ń ṣe glycerol sínú ara rẹ̀ kí iyọ̀ má baà fa omi ara rẹ̀ gbẹ. Àwọn ọ̀tá tí ì bá jẹ ẹ́ kò pọ̀ nínú irú omi bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ibùgbé rẹ̀ ni ó ń ṣe iṣẹ́ tí èèpo ì bá ṣe fún un. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ álígà mìíràn di aláìléèpo gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ni yóò rọ́pò èèpo náà.

5. Ìran Aláìléèpo: Ìtàn cw15

Álígà tí wọ́n ti ṣe irú àyẹ̀wò yìí lé lórí jù lọ ni Chlamydomonas reinhardtii. Inú erùpẹ̀ oko pòtétò kan nítòsí ìlú Amherst, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti rí i ní 1945. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú èyí tí ó wà ní àwọn ilé ìwádìí àgbáyé lónìí ni ó sọ̀ kalẹ̀ láti ara sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo tí wọ́n yà sọ́tọ̀ nígbà náà. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ìran fi tọ́ sí irú àwọn ọ̀wọ́ bẹ́ẹ̀: ẹ̀yà kan náà ni wọ́n, ṣùgbọ́n baba ńlá tí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ti ṣẹ̀ wá ni ó fi ń yàtọ̀ sí èkejì, gẹ́gẹ́ bí agbo-ilé ti í yàtọ̀ sí agbo-ilé nínú ìlú kan.

Èèpo Chlamydomonas kò ní sẹ́lúlóòsì. Pùròtéènì tí ṣúgà so mọ́ ni wọ́n fi hun ún, hydroxyproline sì pọ̀ nínú pùròtéènì náà. Ní 1971 ni Davies àti Plaskitt tẹ iṣẹ́ wọn jáde lórí àwọn ìran tí àbùdá wọn ti yí padà, tí èèpo wọn sì ní àbùkù. Àbùkù náà kò rí bákan náà. Àwọn kan ń ṣe èèpo ṣùgbọ́n kò dì mọ́ wọn lára, inú omi ni ó ń bọ́ sí. Àwọn mìíràn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe é rárá. Lára àwọn tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe é ni ìran tí wọ́n sọ ní cw15.

Ìran yìí la ọ̀nà tuntun sílẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Fún ìgbà pípẹ́, ó ṣòro fún àwọn olùwádìí láti fi jíìnì láti òde sínú Chlamydomonas, nítorí pé èèpo náà kò lanu. Ní 1990, Karen Kindle ní Yunifásítì Cornell fi ọ̀nà tí ó rọrùn gan-an hàn. Ó da sẹ́ẹ̀lì tí kò ní èèpo, jíìnì tí ó fẹ́ fi sí i, àti ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì kéékèèké papọ̀ sínú ọpọ́n gíláàsì, ó sì mì ín pọ̀ fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá. Ìlẹ̀kẹ̀ a dá awọ sẹ́ẹ̀lì lu díẹ̀, jíìnì a gba ibẹ̀ wọlé, awọ a sì tún padé. Ohun tí ẹ̀rọ olówó ńlá ń ṣe ni ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì ṣe yìí.

Láti ìgbà náà ni àwọn ìran aláìléèpo ti di irinṣẹ́ gbogbogbòò. Ìran aláìléèpo kan, cw92, ni wọ́n ti ka gbogbo àkọsílẹ̀ àbùdá Chlamydomonas tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2007. Ní 2009, Neupert, Karcher àti Bock ní ilẹ̀ Jámánì fi ìtànṣán tí ń yí àbùdá padà bá ìran kan tí ó ti ara cw15 wá ṣiṣẹ́, wọ́n sì rí UVM4 àti UVM11, àwọn ìran tí kì í kọ jíìnì àjèjì, tí wọ́n sì ń ṣe pùròtéènì tí jíìnì náà bá pa láṣẹ. Bí olówò bá fẹ́ kí álígà máa ṣe oògùn tàbí ẹ́ńsáìmù fún òun, irú ìran bẹ́ẹ̀ ni ó ń wá.

6. Ohun Tí Ó Bá Èèpo Lọ

Bí ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀, iṣẹ́ ìbá rọrùn: kí wọ́n sọ gbogbo álígà di aláìléèpo, kí ẹ̀rọ ìlọ̀ sinmi. Ṣùgbọ́n ọpọ́n kékeré inú ilé ìwádìí kì í ṣe adágún oníṣòwò. Nínú adágún, ẹ̀rọ a máa fa omi, a máa tì í gba inú páìpù, a sì máa rò ó tọ̀sán-tòru kí gbogbo sẹ́ẹ̀lì lè rí oòrùn. Sẹ́ẹ̀lì tí kò ní èèpo a máa fọ́ nínú ìrúkèrúdò bẹ́ẹ̀. Bí ó bá fọ́ kí wọ́n tó kó o jọ, ohun inú rẹ̀ a dà sínú omi, bakitéríà a sì jẹ ẹ́. Ohun tí oníṣòwò ń fẹ́ kí ó tú jáde ní òpin iṣẹ́ ti tú jáde ní ìbẹ̀rẹ̀.

Omi fúnra rẹ̀ tún jẹ́ ìṣòro. Chlamydomonas ń gbé inú omi tí kò ní iyọ̀, omi a sì máa fà wọ inú rẹ̀ láìdábọ̀. Ó ní àpò kéékèèké méjì tí ń fún omi náà jáde. Àwọn ni kì í jẹ́ kí ìran aláìléèpo bẹ́. Ṣùgbọ́n bí òjò ńlá bá rọ̀ sínú adágún tí kò ní òrùlé, tàbí tí iyọ̀ omi bá yí padà lójijì, agbára àpò méjì lè má ká a. Àwọn ẹran omi tíntìntín tí ń jẹ álígà náà wà níbẹ̀, ìran aláìléèpo sì rọ̀ wọ́n lọ́rùn láti jẹ.

Àǹfààní kan wà nínú àìlera yìí. Bí ìran tí wọ́n ti tún ṣe bá ṣèèṣì bọ́ sínú odò, agbára rẹ̀ láti bá ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó ní èèpo du ibùgbé kéré. Àwọn tí ń bẹ̀rù pé ohun abẹ̀mí tí ọwọ́ ènìyàn tún ṣe lè gba inú ìgbẹ́ kan lè rí ìtùnú díẹ̀ níbẹ̀. Síbẹ̀, ìtùnú yìí kò san gbèsè oníṣòwò tí álígà rẹ̀ ń kú nínú páìpù.

7. Èèpo Tí Ó Mọ Àsìkò

Ohun tí ilé-ẹ̀rọ nílò, nígbà náà, ni èèpo tí yóò wà níbẹ̀ títí di ọjọ́ ìkórè, tí yóò sì kúrò bí ìkórè bá dé. Ohun ìyanu ni pé álígà fúnra rẹ̀ ti mọ irú iṣẹ́ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí náítírójìn bá tán nínú omi, Chlamydomonas a máa múra láti bá èkejì rẹ̀ pàdé. Bí ìrù akọ àti ìrù abo bá ti kan ara wọn, àwọn méjèèjì a tú ẹ́ńsáìmù kan jáde tí í yọ́ èèpo wọn kúrò láàrin ìṣẹ́jú mélòó kan, kí sẹ́ẹ̀lì méjì lè di ọ̀kan. Ẹ́ńsáìmù mìíràn tún wà, tí í yọ́ èèpo ìyá nígbà tí àwọn ọmọ inú rẹ̀ bá tó jáde. Ẹ́ńsáìmù abóèèpo ni orúkọ tí ó yẹ irú wọn.

Àwọn olùwádìí ti ń lo ẹ́ńsáìmù yìí láti ọjọ́ pípẹ́. Wọn a kó akọ àti abo pọ̀, wọn a sẹ́ omi inú wọn, wọn a sì da omi náà lé sẹ́ẹ̀lì mìíràn tí ó ní èèpo. Èèpo ìwọ̀nyí náà a yọ́. Bí wọ́n bá sì ṣan ẹ́ńsáìmù náà kúrò, sẹ́ẹ̀lì a tún hu èèpo tuntun láàrin wákàtí díẹ̀. Ìyàtọ̀ ńlá ni èyí jẹ́ sí ti cw15. Ìran cw15 ti pàdánù èèpo rẹ̀ láti ìran dé ìran. Sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi ẹ́ńsáìmù bó yá èèpo rẹ̀ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ ni.

Láti ibí yìí ni ọ̀nà mẹ́ta ti pínyà fún ẹni tí ó fẹ́ tún ìran ṣe. Èkínní ni láti yí àbùdá padà pẹ̀lú ìtànṣán tàbí kẹ́míkà, kí wọ́n sì ṣa àwọn ìran tí èèpo wọn fẹ́lẹ́ láì jẹ́ pé ó ti tán. Èkejì ni láti lo CRISPR, èyí tí ń ṣiṣẹ́ bí àlùmọ́gàjí lára jíìnì, láti gé jíìnì kan pàtó tí ó ní ọwọ́ nínú híhun èèpo. Ẹ̀kẹta ni láti fi jíìnì ẹ́ńsáìmù abóèèpo sábẹ́ àṣẹ tí oníṣòwò lè pa nígbà tí ó bá fẹ́, bóyá nípa ìmọ́lẹ̀, ooru, tàbí èròjà kan tí wọ́n dà sínú omi. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ̀kẹta ni ó bá ìṣe álígà fúnra rẹ̀ mu jù, nítorí pé kò gba èèpo lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà tí yóò bó o ni ó yí padà.

Lọ́dọ̀ Haematococcus, àwọn kan tilẹ̀ ti gbìyànjú láti ṣe é láìfi ọwọ́ kan jíìnì rárá. Wọn a dá oúnjẹ padà fún sẹ́ẹ̀lì pupa, sẹ́ẹ̀lì a rò pé ìyàn ti kọjá, a bẹ́ èèpo líle rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ tí èèpo wọn rọ̀ a sì jáde, tàwọn ti àwọ̀ pupa tí wọ́n jogún. Ohun tí ẹ̀rọ ń fi agbára ṣe ni wọ́n fi oúnjẹ bẹ̀ ẹ́ ṣe.

8. Èdè-Ìperí àti Ìkádìí

Nínú gbogbo àlàyé òkè yìí, àwọn èdè-ìperí wọ̀nyí ni ó ti ṣiṣẹ́:

Álígà àìfojúrí: álígà tí ojú lásán kò lè rí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Awọ sẹ́ẹ̀lì: ohun fẹ́lẹ́ tí ó yí gbogbo sẹ́ẹ̀lì alààyè ká, tí ó ń yan ohun tí yóò wọlé àti ohun tí yóò jáde.

Èèpo sẹ́ẹ̀lì: ìbòra tí sẹ́ẹ̀lì ń hù sí òde awọ rẹ̀.

Ìkarahun: ìbòra dáyátọ̀mù, tí sílíkà wà nínú rẹ̀.

Ìran: ọ̀wọ́ sẹ́ẹ̀lì tí ó ti ara baba ńlá kan ṣẹ̀ wá nínú ẹ̀yà kan.

Ìran aláìléèpo: ìran tí àbùdá rẹ̀ kò jẹ́ kí ó lè hu èèpo tàbí kí èèpo dúró lára rẹ̀.

Ẹ́ńsáìmù abóèèpo: ẹ́ńsáìmù tí álígà ń tú jáde láti yọ́ èèpo ara rẹ̀.

Àtúnṣe ìran: yíyí àbùdá padà kí ohun abẹ̀mí lè túbọ̀ wúlò fún iṣẹ́ kan pàtó.

Olùtumọ̀ tí ó ṣì fẹ́ràn ògiri lè dán gbólóhùn kan wò. Kí ó gbìyànjú láti sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé sẹ́ẹ̀lì yọ́ ògiri rẹ̀, ó sì tún hu ògiri mìíràn láàrin wákàtí díẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gbọ́ Yorùbá yóò rẹ́rìn-ín, nítorí pé kò sí ẹni tí ó rí ibi tí ògiri ti hù rí. Yóò ní láti kọ́kọ́ gbàgbé ohun tí ó mọ̀ nípa ògiri kí ó tó lè gba ẹ̀kọ́ náà. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá sọ fún un pé sẹ́ẹ̀lì bó èèpo rẹ̀, ó sì tún hu òmíràn, yóò rántí igi tí ó wà lẹ́yìn ilé wọn, tí ojú ibi tí wọ́n ti bó èèpo rẹ̀ fún àgbo ní ọdún tí ó kọjá ti ń dí bọ̀.